Ìsinmi lórí omi pẹ̀lú àwọn ọmọ: ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó háyà ọkọ̀ kánáàlì nílùú Ọba

Ará òkè ni ará Ọ̀pin. Ẹni tí wọ́n bí sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, mọ ọ̀nà oko, ó sì mọ mọ́tò tó ń lọ sí Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, kó sì fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣeé ṣe kó bi yín bóyá orí yín pé. Kò sì yẹ kí a dá a lẹ́bi. Nínú ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó lọ síbi ìgbéyàwó bọ̀ dojú dé lóru lórí odò Ọya níhà Pátígì. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ, tọmọdé tàgbà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé nílùú Ọba ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ìsinmi nígbà tí iléèwé bá wà ní họlidé. Ọmọ wa tí wọ́n bí sọ́hùn-ún yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì délé bi bàbá rẹ̀ pé ìgbà wo ló máa kan tiwọn. Ìdí nìyí tí a fi ní ká la ọ̀rọ̀ náà yé ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà ṣì yín lọ́nà. Bí wọ́n bá dárúkọ kánáàlì l'Ékòó, gọ́tà ńlá tó kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ti ìlú Ọba yàtọ̀. Odò ni wọ́n fọwọ́ gbẹ́ nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n lè máa fi kó èédú àti ẹrù iléeṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Bridgewater ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èédú láti ọdún 1761. Nígbà tí rélùwéè gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n dí àwọn kan pa, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ ṣì kù, àjọ Canal & River Trust, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2012, sì ń bójú tó nǹkan bí 2,000 máìlì nínú wọn ní England àti Wales.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà níbẹ̀ gùn gbọọrọ, ó sì tóóró: ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, gígùn rẹ̀ sì lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tí ẹnikẹ́ni máa béèrè; àwọn tó ni ọkọ̀ yóò kọ́ yín kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́. Ìwọ̀n eré tó gbọ́dọ̀ sá kò ju máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan, ìyẹn ìrìn ẹsẹ̀ ẹni tó ń kánjú díẹ̀. Kò ní bírékì. Ẹ̀yìn lẹ máa ní kí ẹ́ńjìnnì máa wọ́ ọ sí kó tó dúró. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, ọwọ́ ọ̀tún ni kálukú ń yà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà lójú títì wọn. Ọ̀pá ìtukọ̀ náà tún ń ṣe òdìkejì: bí ẹ bá tì í sósì, ọ̀tún ni imú ọkọ̀ yóò kọrí sí. Lójú tiwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tètè mọ èyí ju bàbá rẹ̀ tó ti ń wa mọ́tò láti ogún ọdún.

Ohun tí òbí ń bẹ̀rù jù ni pé ọmọ yóò já sómi, omi yóò sì gbé e lọ. Omi kánáàlì kì í ṣàn bí odò Ọya. Ó dúró bí adágún, ní ọ̀pọ̀ ibi kò sì ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Àmọ́ omi tó mu bàbá dé ìbàdí lè bo ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́lẹ̀, omi ọ̀hún sì tutù bíi yìnyín. Nítorí náà, ẹ̀wù amúniléfòó, tí gbogbo ayé mọ̀ sí life jacket, gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá ti jáde síta, kódà nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ìdúró. Ọjọ́ tí ẹ bá ń sanwó ni kí ẹ ti sọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó, kí wọ́n lè wá èyí tó bá a mu sílẹ̀. Okùn tó ń gba abẹ́ itan kọjá ni kí ẹ rí i pé ẹ so, torí bí kò bá sí i, ẹ̀wù náà lè gba orí ọmọ yọ nínú omi.

Ewu tí ará ilé kì í fojú sí ni ti ìwúwo ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí lè wọn tó tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń rọra lọ yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ọmọ yóò rí i pé ọkọ̀ fẹ́ẹ́ kan ògiri, yóò sì na ẹsẹ̀ jáde láti tì í kúrò. Ẹsẹ̀ ni yóò fọ́, ọkọ̀ kò ní dúró. Kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ tó ń jókòó sórí òrùlé, nítorí àwọn afárá kan wà nílẹ̀ gan-an.

Ibi tó tún le jù ni lọ́ọ̀kù. Nítorí ilẹ̀ kò tẹ́jú, wọ́n kọ́ yàrá jíjìn sójú ọ̀nà omi, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn ńláńlá sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ yóò wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á fi irin ọlọ́wọ́ kan yí ojú ihò tí omi ń gbà ṣí, omi yóò sì wọlé tàbí kó jáde títí yóò fi bá ti ìta dọ́gba. Bí omi bá ń fà, pèpéle kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó wà lápá òkè, cill ni wọ́n ń pè é. Bí ìdí ọkọ̀ bá gbé lé e, imú ọkọ̀ yóò máa lọ sísàlẹ̀, ìdí yóò dúró sókè, kí ẹ sì tó mọ̀, ọkọ̀ lè rì. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi sàmì sí ibi tó dé. Atukọ̀ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára àmì yẹn. Ẹnì kejì ló ń yí irin. Ta ló wá di ọmọ mú? Bí tọkọtaya bá ní ọmọ mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méje, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí wọ́n mú àǹtí tàbí bùrọ̀dá kan dání.

Ọ̀nà tí ẹ bá yàn náà ṣe pàtàkì. Ní Caen Hill, lẹ́bàá Devizes, lọ́ọ̀kù 29 ló wà láàárín máìlì méjì péré, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko sì ni. Ṣùgbọ́n láti Chirk dé Llangollen, ní Wales, kò sí ẹyọ kan. Ohun tó wà níbẹ̀ ni afárá omi Pontcysyllte, tí wọ́n parí lọ́dún 1805, tí UNESCO sì kà mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2009. Ọkọ̀ máa ń gba orí rẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi mítà 38 sókè odò Dee, kò sì sí irin ìdènà kankan ní ẹ̀gbẹ́ kan. Inú ọkọ̀ ni kí àwọn ọmọ ti máa fi ojú fèrèsé wòran.

Gáàsì ni wọ́n fi ń dáná. Ẹ má ṣe gbé àdògán eléèédú wọnú ọkọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ sun ẹran: èéfín carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Kí ẹ tó sun lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ wò bóyá ó ń ké. Omi ìwẹ̀ náà kì í ṣe àìlópin, inú táǹkì ló wà, ẹ ó sì máa rọ omi kún un lójú ọ̀nà.

Owó rẹ̀ wọ́n jù lásìkò họlidé iléèwé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a, tó sì ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, lè kọ́kọ́ dán an wò. Peckham, tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ní kánáàlì tirẹ̀ rí, ọ̀nà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìkàwé ibẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àmọ́ Regent's Canal, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1820, ṣì wà, ọkọ̀ èrò sì máa ń ná Little Venice sí Camden lórí rẹ̀, tí yóò gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹranko kọjá. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan yẹn yóò fi han òbí bóyá ọmọ rẹ̀ ṣeé mú lọ fún ọ̀sẹ̀ kan.