Síkíríìpù tí Akọ̀wé Ìṣẹ̀lẹ̀ Kọ̀ǹpútà ń Pè Ṣiṣẹ́

Akọ̀wé ìṣẹ̀lẹ̀ ni ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ètò yòókù, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bí ìròyìn kan bá bá àmì tí alábòójútó là sílẹ̀ mu, akọ̀wé náà lè fi í lé síkíríìpù lọ́wọ́, èyíinì ni ètò kékeré tí alábòójútó fúnra rẹ̀ kọ, kí ìgbésẹ̀ lè wáyé lójú ẹsẹ̀.

Eric Allman ni ó dá syslog sílẹ̀ fún ètò Sendmail ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980. Balázs Scheidler ará Họ́ngárì bẹ̀rẹ̀ syslog-ng ní 1998, Rainer Gerhards ará Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ rsyslog ní 2004. Ìlànà RFC 5424 ti ọdún 2009 pín ìwúwo ìròyìn sí ìpele 8, láti 0, tí ó burú jù, títí dé 7.

Ẹni tí ó bá ń bójú tó sáfà ní Kumasi kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìwúlò rẹ̀. Àwọn ará Ghana ti sọ iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní dumsor, ọ̀rọ̀ Akan tí ó túmọ̀ sí pípa àti títàn. Kí a mú ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan bíi Yunifásítì Kwame Nkrumah, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kumasi ní 1952. Bí iná bá lọ lóru, ẹ̀rọ UPS yóò ránṣẹ́ sí akọ̀wé pé bátìrì ni òun ń lò báyìí. Bí ènìyàn kò bá sí nítòsí, àkọsílẹ̀ lásán kò ní gba sáfà là. Síkíríìpù ni yóò pa ibi ìpamọ́ dátà dé wọ́ọ́rọ́wọ́ kí bátìrì tó tán.

Ọ̀nà ìpè méjì ni ó wà. Nínú ti àtijọ́, tí rsyslog ń fi àmì ^ tọ́ka sí, ètò tuntun ni a ń bí fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Bí ìròyìn ẹgbẹ̀rún bá dé ní ìṣẹ́jú kan, ẹgbẹ̀rún ètò ni yóò bẹ́ sílẹ̀, èyí tí ó lè dá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ dúró. Nínú èkejì, tí í ṣe omprog ti rsyslog àti program() ti syslog-ng, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni síkíríìpù ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń da ìròyìn sí i ní ẹnu ọ̀nà ìgbàwọlé rẹ̀, ìlà lẹ́yìn ìlà. Níbí ni ọ̀pọ̀ alábòójútó ti ń ṣìnà: wọ́n ń kọ síkíríìpù tí ó ka ìlà kan, tí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì kú. Akọ̀wé yóò tún jí i, yóò tún kú, ìròyìn díẹ̀ a sì sọnù láàárín. Ó yẹ kí síkíríìpù náà máa yípo lórí àṣẹ bíi while read títí akọ̀wé yóò fi ti ilẹ̀kùn. Ní omprog, a tún lè ní kí síkíríìpù máa dáhùn OK lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀wé lè mọ̀ pé ó ti dé ọwọ́.

Síkíríìpù tí ó bá ń kọ àbájáde rẹ̀ padà sínú àkọsílẹ̀ kan náà lè máa pe ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, àyàfi bí àmì tí a là sílẹ̀ bá yọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí ó léwu jù ni pé àjèjì lè kọ lára ohun tó wà nínú ìròyìn: orúkọ tí olè fi gbìyànjú láti wọlé yóò hàn níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti tẹ̀ ẹ́. Bí síkíríìpù bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún shell láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí akọ̀wé sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ root, olè náà ti di onílé. Nítorí náà ni a fi ń fún síkíríìpù ní àṣẹ tí kò ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí SELinux àti AppArmor sì sábà máa ń dí i lọ́wọ́ títí alábòójútó yóò fi gbà á láàyè.