Ta Ni Ó Di Okùn Náà Mú? Owó, Ìdílé àti Ìgbéyàwó nínú Lẹ́tà Sarah Forbes Bonetta, 1861

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ìgbéyàwó há mọ́ kì í ṣe àjèjì nínú lítíréṣọ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Anne Brontë kọ ọ́ nínú *The Tenant of Wildfell Hall* ní 1848, níbi tí Helen ti gbé ọmọ rẹ̀ sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ ọ̀mùtí. Ibsen, ará Norway, gbé e sínú eré onítàn rẹ̀, *A Doll's House*, ní 1879: Nora fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé. Láàrin ọdún méjèèjì yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tí a bí ní Òkè-Odàn, ìlú ilẹ̀ Yewa tí kò jìnnà sí Ọ̀tà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé lẹ́tà náà ń yí ìbéèrè tí a máa ń bi irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà. Ìbéèrè náà kì í ṣe "Ǹjẹ́ obìnrin náà jáde nílé?" bí kò ṣe "Ta ni ó di okùn tí a fi so ó mú?"

Láti Òkè-Odàn dé Brighton

Ní 1848 ni ogun Dahomey, lábẹ́ Ọba Gezo, kó Òkè-Odàn. Sarah, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀ ní Àìná, kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 5 lọ nígbà tí ó di ẹrú. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, gbà á lọ́wọ́ Gezo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Ọbabìnrin náà gba ìnáwó ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn. Ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé ní Freetown, ó padà sí England, a sì fi í sọ́dọ̀ ìdílé Schön, tí í ṣe míṣọ́nnárì.

Nígbà tí ó tó ìwọ̀n ọmọ ọdún 18, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò pàtàkì ní Èkó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tọrọ rẹ̀ fún aya. Sarah kọ̀. A wá mú un lọ sí Brighton, níbi tí ìgbé ayé kò ti tù ú lára. Ibẹ̀ ni ó ti kọ̀wé sí Ìyáàfin Schön ní oṣù kẹta ọdún 1861.

Àlàyé inú lẹ́tà náà

Kókó mẹ́ta ni ó fara hàn. Èkíní, àwọn ènìyàn ń sọ pé ènìyàn rere ni Davies, pé bí ó bá pẹ́ ìfẹ́ yóò dé. Sarah kò gbà pé ó lè dé. Èkejì, wọ́n ń sọ pé olówó ni, pé bí ó bá fẹ́ ẹ, lójú ẹsẹ̀ ni yóò di ẹni tí ó dá dúró. Ẹ̀kẹta, ó bi ara rẹ̀ bóyá òun yóò fi ìbàlẹ̀ ọkàn òun ṣe pàṣípààrọ̀ owó, ó sì dáhùn pé kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kókó kejì ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ ta ni wọ́n ń sọ? Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, owó tí ìyàwó bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, ti ọkọ ni. Òfin 1870 ni ó kọ́kọ́ fi owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Òfin 1882 ni ó sì wá fún un ní ẹ̀tọ́ kíkún lórí ohun ìní rẹ̀. Nítorí náà, òmìnira kúrò lára àpò Ọbabìnrin ni a fi lọ Sarah, kì í ṣe òmìnira níwájú ọkọ. Okùn náà kò ní já. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni yóò yí padà. Lẹ́tà náà kò dárúkọ òfin kankan, ṣùgbọ́n ó kọ pàṣípààrọ̀ náà.

Okùn ti ilé

Bí ogun kò bá kó Òkè-Odàn, okùn mìíràn ni ì bá wà lọ́rùn Sarah. Láwùjọ Yorùbá, obìnrin ń ṣòwò, èrè ọjà rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí Nora kò ní nígbà tí ó jáde, ìyá aláṣọ tàbí ìyá elépo ní Ọ̀tà, lójú ọ̀nà òwò Èkó sí Abẹ́òkúta, lè ní in. Síbẹ̀ owó ọwọ́ kò tú okùn. Ìdílé ni ó ń fi ọmọbìnrin fọ́kọ, nígbà mìíràn láti kékeré. Bí ó bá kọ ọkọ, a ó béèrè ìdáná padà. Àwọn ọmọ jẹ́ ti ìdílé baba wọn. Ẹni tí ó bá padà sílé baba rẹ̀ ni a ń pè ní dálémoṣú, orúkọ tí kò sí obìnrin tí ó fẹ́ jẹ́.

Òwò lè fún obìnrin ní agbára láti dá ìdáná padà. Ìdí nìyí tí ìwádìí Judith Byfield lórí ìkọ̀sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàrin 1892 àti 1904 fi ṣe pàtàkì: àkókò yìí ni ilé-ẹjọ́ ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í di ibi tí obìnrin lè gbé ọ̀rọ̀ ọkọ lọ, tí kò sì ní dúró de ẹbí nìkan.

Ohun tí ó tẹ̀yìn lẹ́tà náà wá

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, Sarah fẹ́ Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, wọ́n sì wá sí Èkó. Ní àwọn ọdún 1870, gbèsè wó òwò ọkọ rẹ̀. Owó tí a ní yóò sọ ọ́ di òmìnira lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á ní Madeira ní 1880. Davies gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní oko kòkó rẹ̀ ní Ìjọn, lápá ìwọ̀-oòrùn Èkó.

Ẹni tí ó bá ń fi ìjáde nìkan wọn òmìnira yóò sọ pé Sarah juwọ́ sílẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wò ó, Helen pàápàá juwọ́ sílẹ̀, nítorí ó padà lọ tọ́jú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ikú ń kàn án. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó 1862 kò pa ohun tí a kọ ní 1861 rẹ́. Ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní baba, tí kò ní ọjà, tí ẹlòmíràn ń bọ́, mọ iye tí wọ́n dá lé e, ó sì sọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè náà kò tíì di ohun àtijọ́. Ní Sango-Ọ̀tà lónìí, obìnrin ń gba owó oṣù nílé iṣẹ́, àwọn mìíràn ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni ó ń tú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ká, ọ̀rọ̀ owó orí sì tún lè jẹ yọ níbẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga ni ó ń tú ti òfin ká, lábẹ́ òfin 1970. Owó lè sanwó ọkọ̀ tí yóò gbé obìnrin kúrò nílé ọkọ. Ta ni yóò gba ọmọ, ta ni yóò gba ìdáná, ilé ta ni yóò sùn sí? Ibi tí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wà ni orí okùn náà wà, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Nora, Helen àti Sarah.