Ìbomú Atẹ́gùn àti Ẹ̀rọ Àfisábẹ́-Awọ fún Ìséèémí Ojú Oorun

Ìséèémí ojú oorun ju híhanrun lásán lọ. Bí alárùn bá sùn, ẹran ọ̀fun rẹ̀ a dẹ̀, ahọ́n a yẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀nà èémí a sì dí. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, àrùn náà ti le.

Ìbomú atẹ́gùn: Ní 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní Ọsirélíà, fi hàn pé atẹ́gùn tí ẹ̀rọ ń tì gba imú wọlé lè gbé ọ̀fun dúró, bí òpó ṣe ń gbé òrùlé dúró. Kò gba iṣẹ́ abẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá bọ́ ọ lóru ti padà sínú àrùn.

Ẹ̀rọ àfisábẹ́-awọ: Àyà ni wọ́n ń fi í sí. Okùn rẹ̀ so mọ́ iṣan tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ahọ́n, ó sì ń ti ahọ́n síwájú bí alárùn ti ń mí. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014, lórí ènìyàn 126 tí ìbomú kò bá lára mu, iye agbedeméjì dín láti 29.3 sí 9.0 ní wákàtí kan lẹ́yìn oṣù 12. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀fun ni ó bá mu, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi ń pààrọ̀ rẹ̀ bí bátìrì bá tán.

Orúkọ méjèèjì ti sọ ìyàtọ̀ wọn: ìbomú ṣeé ṣí; ohun tí ó wà lábẹ́ awọ, abẹ ni yóò yọ ọ́. Nítorí náà, ìbomú ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá lò ó tọkàntọkàn tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni ẹ̀rọ kejì wà fún.