Ẹ jẹ́ ká mọ̀: AI tó ń bá wa tọ́jú pátákó iṣẹ́

Ẹni tó bá mọ ìdí aró Kẹ́mta ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń di aṣọ kan lọ́wọ́, òmíràn wà nínú ìkòkò, òmíràn ń gbẹ lórí okùn. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó iṣẹ́ Jira, níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní káàdì tirẹ̀, ṣe rí fáwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Sáà iṣẹ́ kan ni wọ́n ń pè ní sprint; nínú ìlànà Scrum, kì í ju oṣù kan lọ.

MCP (Model Context Protocol), ìlànà tó ń so AI pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ míì, tí ilé-iṣẹ́ Anthropic gbé jáde ní 2024, mú kó rọrùn fún AI láti wọ pátákó náà. Ẹ kàn kọ ọ́ sí AI náà pé: "Kó iṣẹ́ tí kò tíì parí sí sprint tó ń bọ̀." Ó parí! Àmọ́ ibi tí àṣẹ yín dé lọwọ́ tirẹ̀ náà lè dé, nítorí náà, kó tó pa káàdì kankan rẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ béèrè.