Òfin Tí Wọ́n Ṣe Ní Yúróòpù Dé Oko Sọ́yà Ṣábẹ̀ẹ́

Ìbéèrè kan ń bọ̀ láti Yúróòpù wá bá àgbẹ̀ tó ń gbin sọ́yà ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Savè: kí ló wà lórí ilẹ̀ oko rẹ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020?

Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi pààlà nínú òfin 2023/1115, òfin tó ta ko pípa igbó run. Ohun méje ló kàn: màlúù, kòkó, kọfí, ọ̀pẹ, rọ́bà, sọ́yà àti igi. Èédú wà lára igi. Kajú kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrèké, nítorí náà kí ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́ fọkàn balẹ̀. Sọ́yà tí wọ́n bá gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ wọ ọjà Yúróòpù.

Àwọn kan lè ní ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá nìyẹn, nígbà tí Benin ti fòfin de títa hóró sọ́yà tí wọn kò tíì sọ di nǹkan mìíràn sókè òkun láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró sọ́yà wà nínú òfin, èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn òróró tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kó o wọ Yúróòpù gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà hàn lórí máàpù. Bó bá kùnà, owó ìtanràn tó ga jù lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ní Yúróòpù, ó sì tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, yóò bi ilé iṣẹ́ sọ́yà tó wà ní Glo-Djigbé, ọgbà ilé iṣẹ́ Benin, ilé iṣẹ́ yóò bi alájàpá, alájàpá yóò sì bi àgbẹ̀.

Yíya oko sí máàpù kò le. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì kan ṣoṣo ti tó; fóònù lè ṣe é. Alájàpá niṣẹ́ wà fún. Ó ti mọ́ ọn lára láti ra àpò méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, kó sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òfin yìí kò gba àdàpọ̀ èyí tí a mọ oko rẹ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Àpò kan tí kò ní orírun lè ba odindi ẹrù ọkọ̀ jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí kò lè fi ẹ̀rí hàn ni yóò kọ́kọ́ jìyà, kì í ṣe ẹni tó gé igi.

Ohun tí òfin ń pè ní igbó náà tún jẹ́ ìbéèrè. Ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà márùn-ún, tí ewé igi sì bo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ, igbó ni lójú òfin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dàn Ṣábẹ̀ẹ́ lè wọ ìwọ̀n yẹn. Igi òrí àti irúgbá tí àgbẹ̀ dá sí láàárín oko kò ní wàhálà, nítorí oko ni ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ kó sinmi, tí igi wá hù kún, ni ìṣòro. Àwòrán láti ojú òfuurufú kò mọ̀ pé wọ́n ti dáko níbẹ̀ rí.

Òfin náà tún ní kí ọjà bá òfin ìlú tó ti wá mu, títí kan ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Ní Benin, òfin ilẹ̀ ọdún 2013 fàyè gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ìdílé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá, ìwé rẹ̀ kò sì sí lórúkọ wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin yìí máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú. Ní báyìí, ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni yóò bẹ̀rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn kéékèèké di oṣù Kẹfà ọdún 2027. Òfin náà kò kan ọjà abẹ́lé: àwọn obìnrin tó ń din wàrà sọ́yà lọ́jà kò ní í bi ẹnikẹ́ni ní máàpù.

Òfin kò sọ ẹni tí yóò sanwó fún yíya oko. Bí oníbàárà bá san án, tó sì fi máàpù náà sọ́wọ́ ara rẹ̀, àgbẹ̀ kò ní rí i fún oníbàárà mìíràn ní ìkórè tó ń bọ̀. Ẹ̀dà máàpù yẹn ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.