Ìbéèrè Àṣẹ Lójú Kọ̀ǹpútà: Ààbò àti Ìrọ̀rùn

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí ìbéèrè àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń gbé síwájú ẹni tí ń lò ó ṣe lè dáàbò bò ó láìdí i lọ́wọ́. Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní àsìkò Windows XP, tí ó jáde ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi agbára alábòójútó ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, ètò aṣebi tí ó bá yọ́ wọlé yóò ní agbára kan náà. Láti dí àyè yìí ni Windows Vista, tí ó dé ọwọ́ ará ìlú ní ọdún 2007, ṣe mú User Account Control wá. Bí ètò kan bá fẹ́ ṣe àyípadà tí ó kan gbogbo kọ̀ǹpútà, ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣókùnkùn, ìbéèrè yóò sì jáde: ṣé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, tàbí kí ó dúró?

Èrò náà dára, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ìbéèrè náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń gbà á láìkà á, tí àwọn mìíràn sì pa á pátápátá. Bí aṣọ́nà bá ń jí baálé nítorí gbogbo ọmọ ilé tí ó ti ọjà dé, ní ọjọ́ tí olè bá kan ilẹ̀kùn, orí ibùsùn ni baálé yóò ti ní kí ó ṣí i.

Windows 7, tí ó jáde ní ọdún 2009, dín ìbéèrè náà kù: bí ènìyàn bá ń tún ètò Windows fúnra rẹ̀ ṣe, kò ní béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń dán an wò, àwọn olùwádìí fi hàn pé ètò aṣebi lè gba ibẹ̀ pa ìbéèrè náà láìsí ẹni tí yóò mọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, Microsoft kéde pé àyípadà sí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ yóò máa gba àṣẹ.

Ní ìkádìí, èrò wa ni pé iye ìbéèrè kọ́ ni òṣùwọ̀n ààbò. Ìbéèrè tí kò wọ́pọ̀ ni ènìyàn ń kà. Ẹ jẹ́ kí a dín in kù, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yọ èyí tí ó ń ṣọ́ àwọn yòókù.