Obìnrin àti ìdáàbòbò ara ẹni: kí ewu tó dé, nígbà tó bá dé, àti láàárín wákàtí 72 tó tẹ̀ lé e

Bí ẹ bá ń gbé ní Àbújá, ọ̀rọ̀ "wan-ṣáǹsì" kò ní ṣàjèjì sí yín. Obìnrin kan á wọ takisí ní Berger tàbí Nyanya nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn ọkùnrin kan á ti jókòó sínú rẹ̀ bí èrò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, kò sì ní dé ibi tó ń lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi máa ń bi mí pé, "Dókítà, ṣé kí n fi ọmọ mi síbi tí wọ́n ti ń kọ́ karátè ni?"

Bí owó bá wà, ẹ fi sí i. Àmọ́ karátè kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àjèjì inú takisí nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù. Ìwádìí NDHS ti ọdún 2018, tó wo ètò ìlera kárí Nàìjíríà, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, àwọn 31 ni ẹnì kan ti lù tàbí ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Àwọn 9 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì ti fara gba ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Láàárín àwọn tó ti lọ́kọ rí, ọkọ tí wọ́n ń bá gbé tàbí èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń na obìnrin. Ẹni tí a mọ̀ ni, tó mọ ilé wa, tó sì mọ ìgbà tí kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò ara ẹni wúlò ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní yunifásítì mẹ́ta ní Kánádà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2015. Obìnrin 893 ló kópa. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ẹ̀kọ́ wákàtí 12, àwọn yòókù sì gba ìwé pélébé láti kà. Lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwé ni wọ́n ti fipá bá lò pọ̀. Láàárín àwọn tó gba ẹ̀kọ́, nǹkan bí 5 ni. Ìjà jíjà wà nínú ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni bí èèyàn ṣe ń tètè mọ̀ pé ọ̀rẹ́, ojúlùmọ̀ tàbí àfẹ́sọ́nà fẹ́ hùwà ibi, àti bí èèyàn ṣe lè sọ pé "rárá" láìmáa ronú pé òun yóò ṣẹ ẹni náà.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà fún wa nílé. A ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa pé kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n má ṣe já àgbà ní koro, kí wọ́n má pariwo. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé àgbà tó bá ń fọwọ́ pa wọ́n lára ti ya ọ̀wọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, kì í báà ṣe bọ̀dá, olùkọ́ lẹ́sìn tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹni tó máa ń fẹ́ kí ẹ dá wà pẹ̀lú òun nígbà gbogbo, tó ń fi "rárá" yín ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń fi ọtí rọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ ti ní ó tó, ẹ máa ṣọ́ ọ. Ní ti takisí, ẹ ya nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ará ilé kí ẹ tó wọlé. Bí ẹ bá sì rí i pé àwọn inú rẹ̀ ń ṣẹ́jú síra wọn, ẹ má wọ̀ ọ́, kódà bí òjò bá ń rọ̀.

Wàyí o, bí ewu bá dé ńkọ́? Ara á tú omi ìsúnniṣe tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú kò ní rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ìka kò lè ṣe iṣẹ́ wínníwínní. Ìdí nìyí tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́ni ní ohun tí a lè fi gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ ṣe. Ohùn ni àkọ́kọ́. Ẹ ké láti inú, "Fi mí sílẹ̀!" Ẹni ibi kò fẹ́ kí ojú mọ òun. Bí ó bá di ọrùn ọwọ́ yín mú, ẹ fà á gba ìhà àtàǹpàkò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdìmú náà ti rọ jù lọ. Ojú, imú, gògóńgò, kóropọ̀n àti orúnkún ni àwọn ibi tí ìrora ti ń yá, bó ti wù kí ọkùnrin náà lágbára tó. Ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ dára ju ìkúùkù lọ, nítorí egungun ìka tètè ń kán. Kí ẹ sì sá ni ìdí tí ẹ fi lù ú, kì í ṣe kí ẹ borí rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù tàbí báàgì ló ń fẹ́, ẹ gbé e fún un. Mo ti rán ọgbẹ́ ọ̀bẹ tó jẹ́ pé nítorí fóònù ni.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ni ara wọn yóò dì gbagidi. Wọn kò ní lè ké, wọn kò ní lè gbé ẹsẹ̀. Ọpọlọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹran ṣe ń ṣe nígbà tí ẹranko ńlá bá gbá a mú. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bi ọmọ yín pé, "Kí ló dé tí o kò pariwo?" Ẹni tó hu ìwà náà ló jẹ̀bi.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gidigidi: fífún lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dárúkọ rẹ̀ fún mi lásán, bíi pé "ó kàn di ọrùn mi mú díẹ̀ ni." Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn lọ́tùn-ún lósì. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n pa, èèyàn lè dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Àmì lè má sí lára rárá, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú. Àmọ́ bí ohùn bá há, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, tí ẹyinjú ní àmì pupa wínníwínní, tí ìtọ̀ bọ́ lára, tàbí tí ẹni náà kò rántí apá kan ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Iṣan tó ya nínú lè fa rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dúró rárá. Ọkọ tó bá ti fún ìyàwó lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan lè pa á lọ́jọ́ mìíràn, èyí sì ti hàn nínú ìwádìí. Bí mọ̀lẹ́bí bá ń parí ìjà náà, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń parí.

Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ ló ṣẹlẹ̀, aago ti bẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV, tí à ń pè ní PEP, gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72; bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọn yóò fi lò ó láìfo ọjọ́ kan. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì náà ń ṣiṣẹ́ jù tí ẹ bá tètè lò ó, àwọn irú kan sì wà tó ń ṣiṣẹ́ títí dé wákàtí 120. Kì í ṣẹ́ oyún. Kì í jẹ́ kó dúró ni. Dókítà yóò tún wo ti abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn ẹ̀dọ̀ irú B àti ti ipá. Bí ẹ bá lè fara dà á, ẹ má wẹ̀, ẹ má sì pààrọ̀ aṣọ kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò. Bí ẹ bá ti bọ́ aṣọ, inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe nínú lailọ́ọ̀nù, torí ọ̀rinrin á ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ẹ bá ti wẹ̀ náà, ẹ ṣì máa bọ̀.

Àwọn ilé ìtọ́jú tó wà fún èyí nìkan wà káàkiri Nàìjíríà: Mirabel ní Ìkẹjà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, Tamar ní Enugu, Salama ní Kaduna. Kì í ṣe dandan kí ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú yín. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹjọ́, òfin VAPP ti ọdún 2015, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti gbà, wà fún un. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Lálẹ́ òní, ẹ wá orúkọ ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà wọn sínú fóònù ọmọ yín lábẹ́ orúkọ tí kò ní gbàgbé.